Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Kọjá Géètì

Ẹrẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí kó tó rí obìnrin. Ẹrẹ̀ pupa tó gun bàtà rọ́bà dé ojúgun, tó ń já bọ́ sórí ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ojú kan tó ti ń bínú kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ojú náà rẹwà. Bó ṣe rẹwà yẹn ni kò jẹ́ kó rántí ohun tó fẹ́ sọ mọ́. Ó kàn na búrọ́ọ̀ṣì sí i.

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Ẹ kú àárọ̀ o, mà. Bàtà yín ni. Ẹ máa fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọlé."

Obìnrin náà wo kòtò kékeré onísìmẹ́ńtì tó wà lẹ́nu géètì, àti omi òògùn inú rẹ̀ tó ń rùn. Lánàá, kò sí kòtò níbẹ̀. Lánàá, kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gba ọ̀nà yẹn wá síbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè bàtà rí.

Ó fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ bí ẹni ń na ọmọ aláìgbọràn.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú igi tín-ín-rín kan, ó fi tọ́ àárín àwọn ìlà tó wà lábẹ́ bàtà. Ẹrẹ̀ jáde.

"Ẹ tún un fọ̀."

Ó tún un fọ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ yẹn. Ẹ tún un fọ̀."

"Ṣé ìyàwó yín ló lé yín jáde nílé láàárọ̀ yìí ni?"

"Mi ò níyàwó, mà."

"Mo mọ̀! Ta ló máa fẹ́ yín? Kí èèyàn máa fọ abọ́ kan ṣoṣo títí oúnjẹ á fi tutù!"

Àwọn obìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ ọkùnrin náà ní Tún-un-fọ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fi sọnù.

Obìnrin náà ní orúkọ tiẹ̀. Ọ̀gá Omi ni wọ́n ń pè é, torí òun ni olórí àwọn tó ń fọ oje kúrò lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú táńkì gígùn, kí wọ́n tó kó o sínú páálí. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọdé. Irun funfun ti yọjú lórí ọkùnrin, obìnrin náà sì ti kọjá ẹni tí àwọn àǹtí ń bi léèrè pé ìgbà wo la máa jẹun ìgbéyàwó rẹ. Ó ti sú wọn láti máa bi í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé kòtò débẹ̀, kí ó lè yé wa. Àrùn ni. Ó ti pa gbogbo oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà ní òdìkejì odò, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Àwọn ará ọ́fíìsì ọ̀gbìn ní èbu ni, ó jọ irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, àmọ́ inú ilẹ̀ ni tiẹ̀ ń gbé, ojú kò sì rí i. Ẹnu gbòǹgbò ló ń gbà wọ inú igi. Á dí ọ̀nà omi, igi á wá gbẹ lórí ìdúró, nínú òjò. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ilẹ̀ tó bá wọ̀, irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn kò ní hù níbẹ̀ mọ́ títí ọmọ tí wọ́n bí lónìí á fi dàgbà, á sì bímọ.

Kò lẹ́sẹ̀, kò sì níyẹ̀ẹ́. Àwa èèyàn là ń gbé e kiri. Lára bàtà, lára àdá, lára táyà mọ́tò. Èyí tó burú jù ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí a bá hú u níbì kan tí a lọ gbìn ín síbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fi gbé géètì náà sójú ọ̀nà kan ṣoṣo tó ti oko wá sí ìgboro, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ti ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì fi òfin méjì lélẹ̀: kí ẹsẹ̀ mọ́, kí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan má sì kọjá.

Àwọn èèyàn kò bọ̀wọ̀ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n ń ráhùn. Wọ́n ń ti ẹsẹ̀ bọ omi bí adìẹ, wọ́n á ní àwọn ti fọ̀ ọ́. Tún-un-fọ̀ á sì sọ ohun kan náà, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń bí Ọ̀gá Omi nínú.

Lọ́jọ́ kan, ó ronú ọgbọ́n kan. Ó bọ́ bàtà sílé, ó rìn wá ní ẹsẹ̀ lásán.

"Bàtà dà?" ni Tún-un-fọ̀ wí.

"Ó wà nílé, ó ń sinmi. Ẹ ti fi búrọ́ọ̀ṣì jẹ ẹ́ tán."

Ọkùnrin náà ronú sí i. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣan ẹsẹ̀, nígbà náà."

"Háà! Ọlọ́run mi o!"

Ó ti ẹsẹ̀ bọ omi òògùn. Gìgísẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó sì ti là. Omi náà ta á débi pé ó di géètì mú, ṣùgbọ́n kò pariwo, ìgbéraga kò jẹ́ kó pariwo níwájú ọkùnrin yìí. Tún-un-fọ̀ rí i. Ó mú ike omi tó fẹ́ mu lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó dà á sí gìgísẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi tán.

Lọ́jọ́ kejì, ó na agolo ìpara kékeré kan sí i pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì.

"Èyí ńkọ́? Fún bàtà ni?"

"Fún ẹni tó wọ̀ ọ́."

Ọ̀gá Omi gba agolo náà. Ó fọ bàtà. Ó sì dúró, fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ọkùnrin náà wò ó bóyá ó mọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wá ń jókòó pọ̀ lábẹ́ òrùlé páànù nígbà ìsinmi ọ̀sán, wọ́n á pín búrẹ́dì, wọ́n á máa wo àwọn ọkọ̀ ńlá tó tò láti kó páálí. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Obìnrin náà ń sọ ti méjèèjì.

"Ẹ wò ó," ló wí lọ́jọ́ kan, búrẹ́dì lẹ́nu ẹ̀, "èmi ń fọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀yin ń fọ bàtà. Tí a bá fẹ́ ara wa, ta ló máa fọ abọ́?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹun tán."

"Rárá o. Ẹ̀yin ni. Tí n bá fọ̀ ọ́, ẹ ó ní kí n..."

Ìgbà yẹn ló tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Tí a bá fẹ́ ara wa. Tún-un-fọ̀ tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

"Mi ò ní ní kó o tún un fọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa yọ "ẹ" kúrò tó máa pè é ní ìwọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí tábìlì, tó ń wò ó bóyá á yí.

"Irọ́ lò ń pa," ni Ọ̀gá Omi dáhùn. Òun náà yọ ọ́ kúrò.

Ó ku bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá Ọ̀gá Omi ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí bàbá tiẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó ní ìlànà kan, ìlànà ilé wọn nìkan, tí kò sí ní ilé ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, á fún un ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan láti oko yẹn. Kí ẹni náà lọ gbìn ín sílé ara rẹ̀. Ọjọ́ tó bá so, kó gbé ìdì àkọ́kọ́ wá, kó sì wá mú ìyàwó lọ. Báyìí ni òun náà ṣe fẹ́ ìyá Ọ̀gá Omi kí ìyá náà tó kú. Onímọ́tò kan ti wá rí, ti onímọ́tò gbẹ. Aránṣọ kan wá, ewúrẹ́ jẹ ti aránṣọ.

"Ẹni tí ewúrẹ́ bá gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀," ni bàbá wí, "kí ni kò ní gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀?" Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Tún-un-fọ̀ lọ kí i ní ọjọ́ ìsinmi. Kó tó wọ àgbàlá, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fọ bàtà ara rẹ̀ láti inú ike tó gbé dání. Àṣìṣe nìyẹn. Bàbá ti ń wò ó láti ojú fèrèsé.

"Ìwọ ni Tún-un-fọ̀?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ káàsán, sà."

"Ìwọ lò ń rẹ ọmọ mi sínú òògùn láràárọ̀ bí ajá tó ní eégbọn."

"Bàtà rẹ̀ ni, sà."

"Ilẹ̀ tó bọ́ mi dàgbà, tó bọ́ bàbá mi, ẹ̀yin ní ó lárùn. Ṣé ilẹ̀ máa ń wúkọ́ ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ọ̀gá Omi ké láti ilé ìdáná.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀, Ìyá mi." Ìyá mi ló máa ń pe ọmọ náà, torí ó jọ ìyá rẹ̀, ó sì máa ń pàṣẹ fún un bí ìyá rẹ̀.

Síbẹ̀, àgbà náà fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ ìdí. Bóyá torí pé ọkùnrin náà jókòó, kò já a lẹ́nu, kò sì yin ara rẹ̀. Ìgbà tó yá, bàbá jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, ó wá hú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí oko tuntun tirẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀. Bàbá yan èyí tó dára jù láàárín gbogbo wọn, ó pọ́n ọn sínú ewé pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá.

"Bí iná bá kú, eérú ló fi ń bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ló fi ń rọ́pò. Gbà. Ọjọ́ tó bá so, kó o wá."

Ojú bàbá rọ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ọ̀gá Omi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kí ni kí ọkùnrin kan wí? Kó ní mi ò gbà? Tún-un-fọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì tẹríba.

Ó gbé e rìn títí ó fi dé géètì. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òun ni òfin, òun náà ni arúfin. Ní ìhà ìgboro, kò jìnnà síbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà nílé pẹ̀lú ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Ọgbà yẹn ló ń bọ́ ìyá náà. Kò ní òmíràn.

Ó wo ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ara rẹ̀ dán. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Bóyá kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn èèyàn ń sọ irú rẹ̀ fún un, pé bóyá kò sí nǹkan kan, òun náà sì ń dá wọn padà. Ó jókòó lẹ́bàá kòtò, ó ń bínú sí bàbá, ó ń bínú sí èbu, ó ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun kò lè lanu sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ. Lẹ́yìn náà ó gbé e sínú àgbá tí wọ́n ti ń sun ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ èèyàn, ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná. Ó sunkún bí ẹni tó sin nǹkan.

Ká ní ó dúró níbẹ̀ ni, ì bá dára. Ṣùgbọ́n ó délé, ó hú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ti ìyá rẹ̀, ó lọ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà níbi tí ojú ti lè rí i.

"Kí lò ń gbìn?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ìyàwó ni mò ń gbìn, màmá."

"Tèmi lo hú yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá náà wò ó títí. "O máa ń sọ òótọ́ fún gbogbo ayé lẹ́nu géètì. O wá délé, o wá ń gbin irọ́."

Kò sọ fún Ọ̀gá Omi. Lójoojúmọ́ ni obìnrin náà ń bi í pé, "Ọkọ mi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́?" Òun náà á ní, "Ó ti yọ ewé." Òótọ́ ni. Ó ti yọ ewé.

Nígbà tí ewé náà ti fẹ̀ dáadáa, bàbá wá wò ó fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan, láìsọ tẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tó ti gbé ayé, kò fọ bàtà fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ géètì níbi tí wáyà ti já, ọmọ rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n dé ẹnu ọgbà. Tún-un-fọ̀ ti dúró síbẹ̀, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bàtà."

"Kí lo wí?"

"Ilẹ̀ ìyá mi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́. Kí ẹ fọ̀ ọ́."

"Àna rẹ wá kí ọ, o ní kó fọ ẹsẹ̀!" Bàbá kò wọlé. Ó dúró sójú ọ̀nà, ó na ọrùn, ó sì wo ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tuntun láti mọ imú tó gbé wáyé. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ọmọ ta nìyí?"

Ó na ìka sí ewé náà.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ilé mi, etí ọ̀pá ewé rẹ̀ pupa. Èyí funfun. Mo bi ọ́, ọmọ ta nìyí? Tèmi dà?"

"Mo sun ún, sà," ni Tún-un-fọ̀ wí, jẹ́jẹ́.

Bàbá kò pariwo. Ì bá dára ká ní ó pariwo. Ó yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Ọ̀gá Omi dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn bí iná.

"Mi ò bínú pé o sun ún," ló wí. "Wò mí dáadáa. Èmi náà ì bá sun ún. Mò ń bínú pé mò ń bi ẹ́ léèrè lójoojúmọ́, o sì ń sọ fún mi pé ó ti yọ ewé! Ẹ̀yin méjèèjì! Ọ̀kan ò gbọ́ràn, ọ̀kan ò sọ̀rọ̀. Kí ni mo ṣe tí mo fi bọ́ sáàárín yín?"

Ó sáré tẹ̀ lé bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà, tó bá dé géètì láàárọ̀, á fọ bàtà dáadáa, kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni, á wọlé. Kò ku ẹrẹ̀ kankan tí igi tín-ín-rín lè tọ́ jáde. Ìyẹn gan-an ló ń dun Tún-un-fọ̀ jù.

Òjò rọ̀, ó dá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá Omi dé géètì, kò sì wọlé. Ó dúró jìnnà sí kòtò.

"Má sún mọ́ mi," ló wí.

"Kí ló dé?"

"Ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n lóko wa. Ó ń pọ́n láti etí wọ àárín. Lára igi tó pọ̀. Bàbá ní kí n gé wọn, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé oòrùn ni." Ó fi aṣọ nu ojú. "Mo wá fẹjọ́ bàbá mi sùn. Bí mo bá sọ ọ́, oko wa ti tán. Bí mi ò bá sọ ọ́, oko gbogbo èèyàn ló máa tán. Mi ò sùn. Mi ò lè jẹun. Báyìí ló ṣe rí lára rẹ lọ́jọ́ yẹn?"

"Báyìí ni," ni Tún-un-fọ̀ dáhùn. "Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá sọ fún ọ, mo rò pé o máa lọ. Mi ò sọ ọ́, o sì lọ náà."

"Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí. Àmọ́ mo wá sọ ọ́. Ṣé o rí i? Èèyàn lè bẹ̀rù, kó sì tún sọ ọ́."

"Mo rí i."

"Má tún purọ́ fún mi mọ́, kódà tó bá jẹ́ nítorí ewé."

"Mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́."

Géètì wà láàárín wọn, àti omi òògùn. Kò sẹ́ni tó kọjá sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ọkùnrin náà bá a lọ pe àwọn ará ọ́fíìsì ọ̀gbìn.

Obìnrin kan ló wá láti ọ́fíìsì náà, ó fi oògùn nu àdá rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan igi. Bàbá ń wò ó.

"Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun à ń pọ́n àdá sí," ló wí, "ẹ̀yin tún ń wẹ̀ ẹ́ fún un."

Obìnrin náà gé igi náà ní ìdí. Inú tó yẹ kó funfun, òrùka pupa dúdú wà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí tíì dà sórí aṣọ funfun. Ó gé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá." Bàbá jókòó sórí ìtì tí wọ́n gé lulẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e.

Wọ́n yí oko náà ká, wọ́n pa gbogbo igi inú rẹ̀. Kó tó pẹ́, wọ́n rí i ní oko àbúrò bàbá, láti ibi tí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbà lọ́jọ́ yẹn wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni aládùúgbò rẹ̀, nítorí wọ́n jọ ń yá àdá. Ilé ìdìpọ̀ tí ọkọ̀ ńlá máa ń tò síwájú rẹ̀ wá di ibi tí ọkọ̀ kan ń yà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Táńkì gbẹ, aláǹgbá ń sáré nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin máa lọ sílé. Ẹni tó ń ta páálí palẹ̀ mọ́. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì kò wá mọ́. Onímọ́tò tó ń kó òṣìṣẹ́ ta mọ́tò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wọ́n lọ́jà, ó wọ́n gan-an, àmọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n gbìn kò ní i láti tà. Ẹ wo irú nǹkan yẹn. Ó ń sú èèyàn láti sọ ọ́.

Bàbá kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbin ẹ̀gẹ́ sí ilẹ̀ náà, ó ń bá ẹ̀gẹ́ jà, ó ní nǹkan tó ń fi orí pamọ́ sínú ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ èèyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, òun níhìn-ín, ọmọ lọ́hùn-ún.

"Ìyá mi."

Ọ̀gá Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá?"

"Èyí tí mo fún ọkùnrin yẹn. Ibo ló ti sun ún?"

"Lẹ́nu géètì, bàbá. Kò jẹ́ kó kọjá. Ó ní òun sunkún."

"Ó yẹ kó sunkún. Ọmọ dáadáa ni." Bàbá nu ojú. "Àbúrò mi ló gba ìkejì rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e fún un." Ó yí ọwọ́ náà wò. "Ilẹ̀ ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì mọ́."

"Ó ṣì mọ́," ni bàbá wí lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu.

Ilẹ̀ mọ́, ó wọ bàtà, ó ní kí ọmọ máa bọ̀. Ó dé géètì. Ó wo kòtò náà. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Tún-un-fọ̀ láìkí i, ó sì fọ bàtà.

Tún-un-fọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi rẹ̀. Ẹrẹ̀ jáde. Ọ̀gá Omi di ojú. Ó mọ ohun tó ń bọ̀.

"Bàbá... ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ tún un fọ̀."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó tún un fọ̀.

"Gìgísẹ̀, sà."

"Ṣé o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ìyá mi, ẹni tó o yàn nìyí? Láàárín gbogbo ọkùnrin ayé?"

"Òun ni, bàbá."

Ó tún un fọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà ìyá, kò dúró kí wọ́n sọ ọ́, ó bọ́ bàtà pátápátá, ó ṣan ẹsẹ̀, ó rìn lórí ilẹ̀ náà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ó lọ síbi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí etí ọ̀pá ewé rẹ̀ funfun. Ó ti so. Ìdì náà ti wúwo débi pé ìyá ti fi igi tì í.

"Kì í ṣe ọmọ mi," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," ni Tún-un-fọ̀ dáhùn. "Mo purọ́ nípa rẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá fọwọ́ kan ìdì náà, ó gbé e wò bóyá ó wúwo. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ní kí wọ́n gbé ìdì àkọ́kọ́ wá. Mi ò rántí pé mo sọ igi ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹ́."

Ọ̀gá Omi bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé èso rẹ̀ lè dé ilé mi?" ni bàbá béèrè. "Òfin yín gbà á?"

"Èso lè dé ibẹ̀, sà. Ẹsẹ̀ tó gbé e lọ la máa fọ̀ kó tó padà."

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan á ti wà nínú ẹ̀."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà nínú ọgbà ìyá ọkọ, lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ní tó ṣì tutù. Kò pọ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú táńkì wá, onímọ́tò tó ta mọ́tò fẹsẹ̀ rìn wá, aládùúgbò wá. Tún-un-fọ̀ fẹ́ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ dì í mú láṣọ. "Jókòó! Lónìí, jókòó!" Ó jókòó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ kò balẹ̀, torí àbúrò bàbá ti ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú bàtà rẹ̀.

Kò mọ̀ pé ẹnì kan ti dúró síbẹ̀. Bàbá ti gbé àga kan sẹ́bàá agbada omi òògùn, ó fi búrọ́ọ̀ṣì lé itan, ó mú igi tín-ín-rín kan dání. Àbúrò rẹ̀ ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó yọ ọ́, ó fẹ́ wọlé.

Bàbá na igi náà dí i lọ́nà. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí eegun àgbà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ mọ, ó tọ́ ìdí bàtà náà. Ẹrẹ̀ jáde.

"Ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò wí, "ẹ̀yin náà?"

"Tún un fọ̀," ni bàbá wí.